A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀jẹ̀ àti Iye Ìgbà tí Ó Ń Pín

Àwọn baba wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òwe náà sì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi ń bèèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń bẹ nínú ara olúkúlùkù wa, ìyá àgbà tí ó fi inú eegun ṣe ìyẹ̀wù, a-dákẹ́-bí-ẹni-tí-kò-sí-nílé, a-bí-ogunlọ́gọ̀-má-rọbí, tí ó jẹ́ pé bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kò sí ọba, kò sí ìjòyè, kò sí alágbára tí yóò lè gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì. Ìyá yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ibùjókòó rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá àrùn jagun, àti àwọn wẹ́wẹ́ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́ ti ń jáde wá. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà mélòó ni ìyá yìí máa ń pín sí méjì láàrin ọdún, báwo ni ènìyàn sì ṣe lè mọ̀ ọ́n, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè jókòó tì í nínú eegun ènìyàn alààyè kí ó máa kà á?

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè yìí yóò rò pé tọ̀sán tòru ni ìyá náà ń pín. Èrò rẹ̀ kò burú, nítorí pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun tó nǹkan bí 200 bílíọ̀nù lójoojúmọ́, níwọ̀n bí ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa kan kì í ti lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ kí ó tó gbó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ìlọ́po lè ṣe. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá kúrò lọ́dọ̀ ìyá, tí ó di méjì, tí méjì di mẹ́rin, tí mẹ́rin di mẹ́jọ, nígbà tí ìlọ́po náà bá fi pé ọgbọ̀n, iye wọn ti di 1,073,741,824. Nítorí náà, bí a bá ní ìyá 100,000 nínú eegun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń yọ̀ǹda ọmọ kan péré lọ́dún, a ó rí ọmọ bí 270 lójúmọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí pẹ̀lú ọgbọ̀n ìlọ́po tí ó tẹ̀ lé e sì tó láti bọ́ gbogbo ara. Baálé kì í gbé ọkọ́ lọ sóko nígbà tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá ti kún agbo ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìyá ẹ̀jẹ̀ ṣe lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ilé má sì tú. Pé ó lè jókòó jẹ́ẹ́ ni ìṣirò yìí fi hàn. Bóyá ó ń jókòó lóòótọ́, ẹ̀rí ni a óò wá fún un.

Ara ẹranko ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1961, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, James Till àti Ernest McCulloch fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn àwọn èkúté, wọ́n fi ti èkúté mìíràn gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n sì rí i pé kókó kéékèèké ń yọ nínú wọn, èyí tí ó mú kí wọ́n fura pé láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni kókó kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìyá ẹ̀jẹ̀ wà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn wá dá ọgbọ́n mìíràn: wọ́n fi èròjà kan sínú omi tí èkúté ń mu, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ń pín nìkan ń gbà sára, bí ìgbà tí a bá da aró sínú ìkòkò tí kò sì ran aṣọ tí kò bá wọ inú rẹ̀. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford sọ pé láàrin nǹkan bí ọjọ́ 57, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìyá ẹ̀jẹ̀ inú èkúté ni ó máa ń pín. Ní 2008 ẹgbẹ́ mìíràn ní Yúróòpù wí pé àwọn kan wà láàrin wọn tí wọ́n sùn fọnfọn, tí wọn kì í pín ju ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 145 lọ, èyí tí ó jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní gbogbo ayé èkúté. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí lára èkúté tí a lè fi aró bọ̀, kí ni a ó wí nípa ènìyàn, ẹni tí kò tọ́ kí á da aró sí eegun rẹ̀ nítorí ìwádìí?

Níbi tí ojú kò ti tó o ni àwọn onímọ̀ ti yíjú sí orí ìre àti orí burúkú, èyíinì ni pé kí á fi bí nǹkan ṣe ń ṣe kòńgẹ́ mọ ohun tí ó pamọ́. Stanislaw Ulam, ọmọ ilẹ̀ Poland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ọgbọ́n náà sọ sí lọ́kàn ní 1946, nígbà tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò lẹ́yìn àìsàn tí ó sì ń fi káàdì dá eré ṣe. Ó rò ó pé dípò kí òun máa fi ìṣirò líle wá iye ìgbà tí eré náà lè yọrí sí rere, ṣé kò ní í rọrùn kí òun ta á ní ọgọ́rùn-ún ìgbà kí òun sì ka èyí tí ó yọrí? Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe títí di òní olónìí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á fi owó ẹyọ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Kí á tò ẹgbẹ̀rún ìyá sílẹ̀ lórí ẹní, kí á máa da owó ẹyọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: bí owó náà bá ṣubú báyìí, ìyá náà di ìyá méjì, bí ó bá ṣubú bọ́hùn-ún, ó gbéra lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe ìyá mọ́, bí ó bá tún yí padà, ó kú, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó pọ̀ jù, owó náà á ní kí ó máa sùn. Apá ènìyàn yóò ro kí ó tó da ti ọdún kan tán, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í rojú. Ó lè da ti ọgọ́rin ọdún fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò sí láyé, kí á sì fi ohun tí ó rí wé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó wà láyé. Bí a bá ti sọ fún un pé kí ìyá máa pín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí àwọn ènìyàn inú kọ̀ǹpútà sì yàtọ̀ sí alààyè, a ó gbé iye náà jù nù, a ó dán òmíràn wò, títí ojiji yóò fi bá ẹni tí ó ni í mu.

Lára ológbò ni Janis Abkowitz àti Peter Guttorp, ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ti kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí ṣe iṣẹ́ tí ó lókìkí. Wọ́n lo abo ológbò tí ìyá àti bàbá wọn jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan ti inú ilé, èkejì ti inú igbó Gúúsù Amẹ́ríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ fi jẹ́ àdàlù oríṣi méjì tí a lè yà sọ́tọ̀. Wọ́n dín ìyá ẹ̀jẹ̀ wọn kù, wọ́n ń ṣọ́ bí oríṣi méjì náà ṣe ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀ fún ọdún pípẹ́, wọ́n sì wá irú owó ẹyọ tí ó lè mú irú ìlọsókè-sọ́dò bẹ́ẹ̀ wá. Ní 1996 wọ́n wí pé ìyá ẹ̀jẹ̀ ológbò ń pín lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ní 2000 wọ́n fi irú ọgbọ́n kan náà sọ pé ti èkúté jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀.

Ta ni yóò wá jẹ́ ológbò àwọn ọmọ ènìyàn? Ìdáhùn rẹ̀ ti wà lára àwọn ìyá wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Mary Lyon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó tú àṣírí náà ní 1961: obìnrin ní krómósómù X méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, nígbà tí ó ṣì wà ní ọlẹ̀ nínú oyún, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan pa ọ̀kan nínú méjèèjì lẹ́nu mọ́, ìran sẹ́ẹ̀lì náà kò sì ní yí ìpinnu yìí padà láé. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo obìnrin jẹ́ ilé méjì nínú agbo kan, ilé ìyá àti ilé bàbá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí, nítorí pé ní Ìbàdàn gan-an, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọgbọ́n kan náà fún iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1969. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ pupa tí èròjà tí a ń pè ní G6PD pé nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí kò pé nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà wọ inú èyí tí ó pé ju èkejì lọ. Ilé méjì inú ara kan ni ó sọ ohun tí ẹgbẹ̀rún ẹnu kò lè sọ.

Ní ọdún 1996, Lambert Busque láti Kánádà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí obìnrin bá ti ń dàgbà ni ilé kan ń borí èkejì. Nínú àwọn ọmọ tuntun, 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ lára wọn. Nínú àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 28 sí 32, ó di 16.4, nínú àwọn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó di 37.9. Sandra Catlin, Busque, Rosemary Gale, Guttorp àti Abkowitz gbé irú ẹ̀rí yìí fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ ìdáhùn jáde ní 2011: ìyá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ń pín lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ogójì ọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 25 sí 50. Wọ́n fi kún un pé iye àwọn ìyá náà ń pọ̀ sí i láti ìgbà ìbí títí di ìgbà ìbàlágà, kí ó tó dúró lójú kan. Ẹ wò ó bí ìṣirò wọn ṣe lẹ́wà tó: èkúté tí ó lo ọdún méjì, ìyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pín ní nǹkan bí ogójì ìgbà, ti ológbò tí ó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò sún mọ́ ọgọ́rin, ti ènìyàn tí ó lo àádọ́rin ọdún yóò lé díẹ̀ ní àádọ́rùn-ún. Bí ọjọ́ ayé bá gùn tó ni ìyá ṣe ń fà á nílẹ̀ tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Síbẹ̀, àgbéyẹ̀wò tí kò bá tú ìsàlẹ̀ ìkòkò wò, àpọ́nlé lásán ni. Àbùkù kan ń bẹ nínú ọgbọ́n ilé méjì, oko àwọn baba wa ni a ó sì ti fi yé ara wa. Àgbẹ̀ tí ó gbó a máa kọ igba ebè lójúmọ́. Ẹni tí ó bá dé oko tí ó bá ẹgbẹ̀rún ebè kò lè mọ̀ bóyá ènìyàn márùn-ún ni ó kọ ọ́ ní ọjọ́ kan, tàbí ènìyàn kan ṣoṣo ni ó fi ọjọ́ márùn-ún kọ ọ́. Bákan náà, ìyá díẹ̀ tí ń pín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan àti ìyá púpọ̀ tí ń pín kíákíá lè mú kí ilé kan borí èkejì lọ́nà kan náà. Iye wọn tí a sọ di ìlọ́po pẹ̀lú àkókò tí ń bẹ láàrin ìpín méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ fún wa. Kì í sọ ọ̀kan láìsọ èkejì. Àwọn ará 2011 gbé iye tó súnmọ́ 11,000 kalẹ̀ fún àwọn ìyá náà, nítorí pé wọ́n ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ti èkúté àti ti ológbò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bí ìpìlẹ̀ yẹn bá yẹ̀, ilé tí a kọ́ lé e yóò mì.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà àwọn mìíràn gba ọ̀nà ìṣẹ́tí aṣọ. Ní ìpẹ̀kun krómósómù kọ̀ọ̀kan ni ohun kan tí a ń pè ní tẹ́lómíà wà, ó sì dà bí ìṣẹ́tí tí kì í jẹ́ kí aṣọ tú; ní ìgbàkigbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín ni ìṣẹ́tí náà ń kúrú díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye tí ó ń kúrú lọ́dún, tí ó sì mọ iye tí ìpín kan ń gé kúrò, lè mọ iye ìpín láìbèèrè iye àwọn ìyá. Ìṣirò tí a tẹ̀ jáde ní 2009 lọ́nà yìí sọ pé ìyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọwọ́ ń pín ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ní ọdún àkọ́kọ́, bí ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ lọ́dún láàrin ọdún mẹ́ta sí mẹ́tàlá, àti 0.6 péré lọ́dún nígbà tí ó bá dàgbà, èyíinì ni ẹ̀ẹ̀kan ní ogún oṣù. Ọ̀rọ̀ yìí bá òye mu, nítorí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni a ti ń gbọ́ ariwo bíríkìlà. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Ìṣẹ́tí aṣọ ń ka gbogbo ìpín, ìbáà ṣe èyí tí ìyá fi di ìyá méjì, ìbáà ṣe èyí tí ó fi yọ ọmọ kan síbi iṣẹ́. Ilé méjì inú obìnrin kò gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báwo ni apá kan yóò ṣe wá pọ̀ ju odindi? Ẹ̀ẹ̀kan ní ogójì ọ̀sẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan ní ogún oṣù lọ. Ó dájú pé ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n méjèèjì ń tẹ̀.

Ọ̀nà kẹta, èyí tí ó titun jù, ni ọ̀nà ilà ojú. Bí a ti ń fi àbàjà àti pélé mọ ọmọ ilé ẹni lójú ogun, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gba ilà sára: àṣìkọ kéékèèké inú DNA, bí mẹ́tàdínlógún lọ́dún, tí ìyá ń fi jogún fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ilà wọ̀nyí yóò lè tò ìtàn ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2018, Henry Lee-Six, Peter Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge mú sẹ́ẹ̀lì 140 lára ọkùnrin ẹni ọdún 59 kan, wọ́n rí ilà 129,582, wọ́n sì tún lọ bá kọ̀ǹpútà pé kí ó máa da owó ẹyọ rẹ̀ títí igi ìdílé inú rẹ̀ yóò fi jọ ti ọkùnrin náà. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé àwọn ìyá tí ń ṣiṣẹ́ tó 50,000 sí 200,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń di ìyá méjì lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì sí ogún. Wọ́n tún rí i, bí àwọn ará 2011 ti wí, pé iye wọn ń pọ̀ sí i lọ́mọdé kí ó tó dúró. Ní 2020, Caroline Watson, Jamie Blundell àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wo ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 50,000 ènìyàn, wọ́n sì wí pé bí a bá sọ iye àwọn ìyá di ìlọ́po pẹ̀lú iye ọdún tí ń bẹ láàrin ìpín méjì, yóò tó 100,000.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí. Bí a bá sọ 11,000 ti 2011 di ìlọ́po pẹ̀lú ogójì ọ̀sẹ̀, kò tó 9,000, ó sì kéré sí ti 2020 ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kí ló fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Busque kan náà ni ó ṣí wa lójú: ní 2012, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé nínú àwọn àgbàlagbà obìnrin tí ilé kan ti borí, àṣìkọ kan nínú jíìnì TET2 wà lára àwọn kan, àṣìkọ tí ń fún ìyá tí ó ní i ní agbára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ìborí ni ó jẹ́ ti orí ìre. Àwọn mìíràn jẹ́ ti agbára. Kọ̀ǹpútà 2011 ka gbogbo ìyá sí ẹgbẹ́ ara wọn, ó sì ka iye wọn kéré. Èkínní mú kí ìlọ́po náà dín kù, èkejì náà dín kù bákan náà, àṣìṣe méjèèjì sì gbá ara wọn mú bí ìjàkadì tí kò sí ẹni tí ó ṣubú. Nítorí náà ni ìdáhùn náà kò fi yẹ̀: àwọn ìyá pọ̀ ju bí a ti rò lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ṣì ń pín. Nínú gbogbo ohun tí mo rí nínú ọ̀ràn yìí, èyí ni ó yẹ kí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù: iye tí ó tọ̀nà lè ti inú ìpìlẹ̀ tí kò tọ̀nà jáde, ẹni tí ó bá sì gba ìdáhùn láìbèèrè ọ̀nà tí ó gbà wá yóò fi ojú kan náà wo olóòótọ́ àti alábàápàdé.

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ni ìwúlò kíkà yìí, kí ó rántí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó ti mú kí ìyá tí kò níye nílẹ̀ Yorùbá máa sun ẹkún òru. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú méjì tí ń tún àbùdá ìyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ṣe kí a tó dá a padà sínú ara rẹ̀. Ìyá ni a ń tún ṣe, kì í ṣe ọmọ. Bí ìyá bá sì jẹ́ ẹni tí ń pín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ire tí a fi sí i lára yóò pẹ́, aburú tí ó bá sì farapamọ́ sí i lára yóò pẹ́ kí ó tó jáde, nítorí náà ṣíṣọ́ ọ̀hún kì í ṣe ti ọdún kan. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà kò jìnnà sí èyí, nítorí pé àyè àṣìkọ wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyá tí ó bá sì fà á nílẹ̀ ń dín àyè náà kù.

Hendrikje van Andel-Schipper, obìnrin ilẹ̀ Netherlands tí ó ti jẹ́ ẹni tí ó dàgbà jù láyé kí ó tó kú ní 2005 ní ẹni ọdún 115, fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìmọ̀. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, a rí i pé láti ọ̀dọ̀ ìyá méjì péré, tí wọ́n tún jẹ́ ìbátan, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti ń wá, ìṣẹ́tí aṣọ wọn sì ti kúrú púpọ̀púpọ̀. Ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ ẹja rẹ̀, nígbà tí agbo ilé tí ó ti kún fọ́fọ́ rí nínú eegun rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku àwọn arúgbó méjì tí wọ́n ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù. Igi kan kì í dá igbó ṣe, àwọn baba wa ni ó wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ pé igi méjì, bí wọ́n bá ti kọ́ láti má sáré láti àárọ̀ ọjọ́ wọn, lè ṣe ibòji fún obìnrin kan títí ilẹ̀ fi ṣú.